Àdúgbò Tí Mò Ń Gbé ní Etí Odò Thames

Rotherhithe ni orúkọ àdúgbò tí mò ń gbé. Màmá mi kì í pè é bẹ́ẹ̀. "Rọ́dáháì" ni àwọn ń pè é, bàbá mi a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí ó ti lo ohun tí ó lé ní ogún ọdún ní ibì kan kò mọ orúkọ ibẹ̀ í pè. Èsì tí màmá mi máa ń fún wọn ni pé àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ náà kò mọ orúkọ àwọn í pè, síbẹ̀ wọ́n ń san owó fún àwọn lóṣooṣù. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àdúgbò yìí wà, ní ìhà gúúsù odò Thames, níbi tí odò náà ti yí po bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé tí ó ń padà lọ mú un. Nítorí èyí, omi ni ó wà níwájú wa, omi ni ó wà ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹ̀yìn nìkan ni ilẹ̀ ti so wá mọ́ ìyókù ìlú.

Ibẹ̀ kò jìnnà sí àárín ìlú rárá. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní ibùdókọ̀ Canada Water, ibùdókọ̀ kejì tí yóò kàn ni London Bridge. Bí ó bá kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn, ibùdókọ̀ kan péré ni yóò kàn tí yóò fi dé Canary Wharf, níbi tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ńláńlá kọ́ ilé gogoro sí. Láti ojú fèrèsé yàrá wa àtijọ́ ni a ti máa ń rí iná orí ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, èyí tí ó ní àjà 50, tí wọ́n parí ní 1991. Ńṣe ni iná náà ń ṣẹ́jú ní gbogbo òru. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé màmá mi ni wọ́n ń fi iná náà kí wa pé àwọn ti dé ibi iṣẹ́, nítorí pé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó, láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di àárín òru.

Èbúté ni gbogbo ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Surrey Docks ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe etí odò lásán ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí níbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn, tí wọ́n fi òkúta mọ ògiri yí i ká, tí wọ́n sì jẹ́ kí omi odò wọ inú rẹ̀, kí ọkọ̀ lè wọlé, kí ó sì dúró jẹ́ẹ́, yálà omi odò kún tàbí ó fà. Èyí tí ó pẹ́ jù nínú àwọn ihò omi wọ̀nyí, tí à ń pè ní Greenland Dock lónìí, ti wà láti ìgbà tí ọdún 1700 kò tí ì pé. Ara àwọn ọkọ̀ tí ń lọ pa àbùùbùtán ní òkun Greenland ni orúkọ náà ti wá. Etí omi yẹn ni wọ́n ti ń se ọ̀rá ẹran omi náà di òróró. Mo dúpẹ́ pé n kò tí ì délé ayé nígbà náà, nítorí òórùn rẹ̀ kò ní ṣeé fẹnu sọ.

Lẹ́yìn náà, pákó ni ó gba gbogbo ibẹ̀ kan: pákó láti Norway, láti Finland, láti Rọ́ṣíà àti láti Kánádà. Nígbà tí èbúté náà gbòòrò jù, ihò omi mẹ́sàn-án ni ó wà fún ọkọ̀, pẹ̀lú adágún mẹ́fà tí gẹdú ń léfòó nínú wọn. Ìdí nìyí tí orúkọ àwọn òpópó wa fi dà bí ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì: Quebec Way, Finland Street, Odessa Street, Onega Gate. Àwọn ará Norway àti àwọn ará Finland kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn atukọ̀ wọn, ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ti àwọn ará Finland tilẹ̀ ní iyàrá olóoru kan, tí àwọn ènìyàn máa ń lọ jókòó sí kí wọ́n lè làágùn. Bàbá mi ní àwọn kò lè sanwó nítorí òógùn, pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń làágùn ní Èkó.

Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹsán-án 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ òfurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí èbúté yìí, iná sì mú àwọn pákó tí wọ́n tò jọ bí òkè. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí bọ́ǹbù kò lè parí, kọ̀ntéénà ni ó parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù sínú àpótí irin ńláńlá, ọkọ̀ ojú omi tóbi sí i, ẹnu ọ̀nà tóóró èbúté wa kò sì gbà wọ́n mọ́. Iṣẹ́ ṣí lọ sí Tilbury, ní ìsàlẹ̀ odò níbi tí ó ti súnmọ́ òkun. Ní 1970, wọ́n ti Surrey Docks pa. Wọ́n kó ilẹ̀ dí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ihò omi náà. Ní 1981, ìjọba gbé àjọ kan dìde láti sọ àwọn èbúté ahoro Lọ́ńdọ̀nù di ibi tí ó ṣeé gbé, àjọ náà sì ṣiṣẹ́ títí di 1998. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi tí pákó wà. Ilé ìtajà ńlá dé ní 1988. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó lọ tààrà sí àárín ìlú dé ní 1999.

Ní 2005 ni àwọn òbí mi kó wá síbẹ̀ láti Peckham. Ọmọ ọdún kan ni mí, ẹ̀yìn màmá mi ni mo sì wà. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ni a háyà, ní àjà kẹta ilé kan tí káńsù kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti ìdílé wọn ní ayé àtijọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan tí kì í tètè yé àlejò. Ní 1980, ìjọba ṣe òfin pé ẹni tí ó bá ń gbé ilé káńsù lè ra ilé náà ní ẹ̀dínwó. Àwọn kan ra tiwọn, wọ́n sì tún un tà, ẹni tí ó rà á wá fi ń gba owó ilé lọ́wọ́ irú àwa. Àwọn kan kò rà. Owó káńsù ni wọ́n ń san títí di òní. Nítorí náà, nínú ilé kan náà, lórí àtẹ̀gùn kan náà, iye tí à ń san ju ìlọ́po méjì iye tí bàbá arúgbó tí ń gbé nísàlẹ̀ wa ń san lọ, bẹ́ẹ̀ òtútù kan náà ni ó ń mú wa.

Bàbá arúgbó yìí ni èmi àti àwọn àbúrò mi méjèèjì ń pè ní Bàbá Ìsàlẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n. Ìyàwó wọn ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì wà ní Ọsirélíà. Bàbá tí ó bí wọn ṣiṣẹ́ ní èbúté náà, àwọn fúnra wọn sì ṣe é títí ọjọ́ tí wọ́n fi tì í pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kì í kí wa. Màmá mi kò torí èyí bínú. Ńṣe ni wọ́n ń kí bàbá náà ní àràárọ̀ bí ẹni tí ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kan, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, Bàbá Ìsàlẹ̀ kò sì lè jáde lọ ra búrẹ́dì. Màmá mi rán mi sí wọn pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì àti ẹran díndín. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dá abọ́ náà padà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n sì bu ṣokoléètì sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti di ará ilé. Wọ́n a máa sọ fún gbogbo ènìyàn pé ata wa ni kò jẹ́ kí àwọn kú.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ní àdúgbò náà ni igbó tí wọ́n ń pè ní Russia Dock Woodland. Ọ̀kan nínú àwọn ihò omi tí wọ́n dí ni. Wọ́n gbin igi sórí rẹ̀, igi náà sì di igbó. Bí ènìyàn bá ń rìn lọ láàrin igi, yóò ṣàdédé rí òpó irin kúkúrú tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, yóò rí ẹ̀wọ̀n tí ó ti dípẹtà, yóò sì rí òkúta gbọọrọ tí ó jẹ́ etí omi nígbà kan rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ilé ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé ta ni yóò so ọkọ̀ ojú omi mọ́ àárín igbó. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Àwa tí a dàgbà sí orí èbúté, a kò mọ̀ pé èbúté ni.

Ní oṣù Keje 2019, bàbá àgbà, tí ó jẹ́ bàbá bàbá mi, wá kí wa láti Ajégúnlẹ̀. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n nígbà náà. Láti 1961 ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ alábàárù ní wọ́ọ̀fù Àpápá: àpò kòkó, àpò sìmẹ́ńtì, pákó, kò sí èyí tí wọn kò rù. Ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn wọn ṣì ki bí ti akọ màlúù. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé ni wọ́n ní inú ilé ti sú àwọn, kí n mú àwọn jáde. Mo kọ́kọ́ mú wọn lọ sí oko ẹran kan tí ó wà ní etí odò, tí wọ́n ń pè ní Surrey Docks Farm. Wọ́n rí ewúrẹ́, wọ́n rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọ́n sì rí àwọn òbí tí ń gbé ọmọ wọn sókè kí ó lè fọwọ́ kan ewúrẹ́ lórí. Wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ìyá mi, ṣé nítorí ewúrẹ́ ni mo ṣe wọ ọkọ̀ òfurufú?"

Láti ibẹ̀ ni a gba inú igbó lọ sí Stave Hill. Òkè kékeré ni, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì fi àwókù àti erùpẹ̀ mọ ọ́n jọ nígbà tí wọ́n ń tún àdúgbò náà ṣe. Kò ga púpọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tí ó bá gun àtẹ̀gùn dé orí rẹ̀ yóò rí àwọn ilé gogoro Canary Wharf ní ìhà kan, yóò sì rí ilé ṣóńṣó tí wọ́n ń pè ní Shard ní ìhà kejì. Ní téńté orí òkè náà, wọ́n fi idẹ ṣe àwòrán èbúté náà bí ó ti rí kí wọ́n tó dí i. Gbogbo ihò omi àtijọ́ ni ó wà lára rẹ̀, ó jìn díẹ̀díẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀, omi a máa dúró sínú wọn.

Òjò kò rọ̀ ní ọjọ́ náà. Bàbá àgbà gba ìgò omi lọ́wọ́ mi, wọ́n sì rọra ń da omi sínú àwọn ihò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fi ìka tọ́ ọ: "Ibí ni ọkọ̀ ń gbà wọlé. Ibí ni wọn yóò ti máa já ẹrù. Ibí ni àwọn alábàárù yóò dúró sí ní ìdájí." Mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe mọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n ní kí n fi àwọn sílẹ̀, pé ẹni tí ó bá mọ ilé ìdáná ìyá rẹ̀ kò ní ṣìnà nínú ilé ìdáná ẹlòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo mú wọn lọ kí Bàbá Ìsàlẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 84. Èmi ni ògbufọ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí òyìnbó Bàbá Ìsàlẹ̀ kì í ṣe ti inú ìwé, bàbá àgbà sì ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ òyìnbó àdàlù ti àwọn ará wọ́ọ̀fù. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ kò dúró dè mí mọ́. Bí ọ̀kan bá ti fọwọ́ ṣàpèjúwe bí okùn ṣe ń já, èkejì yóò ti di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú.

Bàbá Ìsàlẹ̀ dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì gbé fìlà awọ dúdú kan jáde. Fìlà bàbá wọn ni. Awọ gbọọrọ kan wà lára rẹ̀ tí ó bo ẹ̀yìn ọrùn àti èjìká, nítorí pé èjìká ni àwọn alábàárù pákó fi ń ru ẹrù wọn, tí wọn yóò sì máa sáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ṣe afárá. Bàbá àgbà gba fìlà náà, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú aṣọ ìnura wá. Wọ́n lọ́ aṣọ náà, wọ́n ká a kíákíá, ó di òṣùká. Wọ́n gbé òṣùká lé Bàbá Ìsàlẹ̀ lórí, wọ́n sì dé fìlà awọ sí orí ara wọn. Fọ́tò tí mo yà fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà wà lára ògiri pálọ̀ wa. Ojú Bàbá Ìsàlẹ̀ le koko níbẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé òṣùká yóò já bọ́.

Mo wá bi Bàbá Ìsàlẹ̀ ní ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́ ní ọkàn mi. Mo ní kí ni ó dé tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté fi fún ara wọn pọ̀ mọ́ etí omi yìí, nínú èéfín àti ariwo, nígbà tí ilẹ̀ gbalasa wà níwájú. Wọ́n wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́n tó bí wọ́n ti rò. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí ẹni tí iṣẹ́ ọ̀la dá lójú. Ní àràárọ̀, kí agogo mẹ́jọ tó lù, àwọn ọkùnrin yóò péjọ, fọ́máànù yóò sì máa nàka: ìwọ, ìwọ, àti ìwọ. Ẹni tí wọn kò bá nàka sí yóò padà sílé, yóò sì tún wá gbìyànjú ní ọ̀sán. Ẹni tí ó bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ebi ni yóò jẹ lọ́jọ́ náà. Ta ni yóò wá lọ gbé ní ọ̀nà jíjìn? Ní 1967 ni wọ́n tó fòpin sí irú iṣẹ́ ojúmọ́ bẹ́ẹ̀, tí olúkúlùkù wá ní ọ̀gá kan pàtó tí ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni wọ́n ti èbúté pa. Bí mo ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, bàbá àgbà ń mi orí ṣáá.

Wọ́n padà sí Èkó ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹwàá ni lẹ́tà dé. Onílé wa fẹ́ ta fúláàtì rẹ̀, ó sì fún wa ní oṣù méjì láti kó jáde. Òfin ìgbà náà gbà á láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ ìdí kankan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa mọ ìdí rẹ̀. Ètò ńlá kan ti wà nílẹ̀ láti tún àyíká Canada Water kọ́, lórí ilẹ̀ tí ó tó éékà 53, kí ó lè di àárín ìlú tuntun, iye ilé sì ń gòkè kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni a ti lò níbẹ̀. A kò jẹ owó ilé rí. Màmá mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n pa á pọ̀, wọ́n fi í sábẹ́ Bíbélì, bí ẹni pé ìyẹn yóò pa á lẹ́nu mọ́.

Bàbá mi ní kí a kó lọ sí Kent. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì ti kó lọ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Màmá wọn, owó tí à ń fi háyà níbí lè ra ilé fún wa níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ yóò ní ẹ̀yìnkùlé. Onílé kankan kò tún ní kọ lẹ́tà sí wa mọ́ láéláé." Ká sọ òtítọ́, ọ̀rọ̀ bàbá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Inú àwọn àbúrò mi ti ń dùn nítorí ẹ̀yìnkùlé náà.

Màmá mi ní, "Bàbá wọn, agogo méjìlá òru ni mo ń kúrò níbi iṣẹ́. Láti ibẹ̀ sí ibí, ibùdókọ̀ kan ni. Ta ni yóò gbé mi dé Kent ní agogo méjìlá òru?" Bàbá mi ní kí wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn. Màmá mi kò fèsì. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti lò ní ibi iṣẹ́ náà, wọ́n sì ti di olórí àwọn òṣìṣẹ́ àjà mẹ́fà. Èmi pẹ̀lú ní ẹ̀dùn tèmi: ọdún ìdánwò àṣekágbá ni mo wà, ìdánwò náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Bí a bá kó lọ, ilé ẹ̀kọ́ tuntun ni n óò ti jókòó ṣe é, láàrin àwọn tí n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi mí. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn òbí mi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń ka ohun tí ó wà nínú ìwé sí etí ara wọn: oúnjẹ wà nínú àwo, owó iná ti dé.

Bàbá àgbà ni ó tú u. Ní ọjọ́ Àìkú kan, bàbá mi pè wọ́n lórí fóònù láti ṣàlàyé, mo sì rò pé ohun tí bàbá mi ń retí ni pé kí bàbá àwọn gbè sẹ́yìn wọn. Bàbá àgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ṣé o rántí Agége?" Bàbá mi dákẹ́. Èmi kò gbọ́ ìtàn náà rí. Ó jẹ́ pé nígbà tí bàbá mi wà ní kékeré, bàbá àgbà kó ìdílé wọn kúrò ní Ajégúnlẹ̀ lọ sí Agége, nítorí pé yàrá méjì wà níbẹ̀ ní iye tí wọ́n fi ń san yàrá kan. Ilé náà tutù, àyè wà. Ṣùgbọ́n kí bàbá àgbà tó ti Agége dé wọ́ọ̀fù, wọ́n ti yan àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ tán. Lọ́sẹ̀ kan, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n rí ṣe. Yàrá méjì wà, kò sí ohun tí wọn yóò sè nínú wọn. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n lò kí wọ́n tó kó padà sí yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀. Bàbá àgbà ní, "N kò sọ pé kí o má lọ o. Ìyàwó rẹ ni kí o bi, òun ni ó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà."

Bàbá mi fi fóònù sílẹ̀, wọ́n sì wọ ilé ìdáná lọ bá màmá mi. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ jáde láti wá ilé.

Ilé tí a rí wà ní ìhà Plough Way, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ti àtijọ́. Yàrá méjì ni ó ní dípò mẹ́ta, owó rẹ̀ sì tún fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. A kó wọ ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì. Bàbá Ìsàlẹ̀ kò lè gbé ẹrù, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó sórí àga ní ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀ títí a fi kó tán, wọ́n ń nàka sí àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi tí ó wá ràn wá lọ́wọ́: ìwọ, gbé ti ibẹ̀, ìwọ, tẹ orí rẹ ba. Gbogbo wọn sì ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.

Nítorí pé pálọ̀ ni mò ń sùn, ilé ìkàwé Canada Water ni mo ti ń ka ìwé. Ilé náà, tí wọ́n ṣí ní 2011, rí bí agbọ̀n: orí rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, ó sì dúró lẹ́bàá ìyókù omi Canada Dock. Mo kàwé níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dìde, mo máa ń rántí pé nítorí èmi náà ni bàbá mi ṣe pàdánù ẹ̀yìnkùlé. Ó wá di oṣù Kẹta 2020, àrùn kòrónà gba ayé kan, ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n sì kéde pé kò sí ìdánwò mọ́ lọ́dún náà. Àwọn olùkọ́ ni yóò sọ máàkì tí ó tọ́ sí olúkúlùkù. Mo sunkún. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ó dára tí a kò gbé ọ̀rọ̀ Kent lé ìdánwò mi lórí.

Ní àkókò ìsémọ́lé náà, àwọn ilé gogoro ṣófo, ṣùgbọ́n màmá mi kò dẹ́kun lílọ, nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ nu ilẹ̀kùn àti bọ́tìnì. Àwọn nìkan ni wọ́n máa ń wà nínú ọkọ̀ nígbà mìíràn. Èmi a máa gbé abọ́ oúnjẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà Bàbá Ìsàlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, n óò kan ilẹ̀kùn, n óò sì sá sẹ́yìn. Bí mo bá padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, abọ́ tí mo gbé lọ tẹ́lẹ̀ yóò ti wà níta, ó mọ́ tónítóní, ṣokoléètì yóò sì wà nínú rẹ̀.

Láti ojú fèrèsé ilé wa yìí, a kò rí iná Canary Wharf mọ́. Ilé mìíràn ti dí i. Kò pọn dandan kí n rí i. Bí agogo méjìlá òru bá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú báyìí, orí àga gígùn ní pálọ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ màmá mi ní ẹnu ọ̀nà. Wọn kì í tan iná, kí n má baà jí. Wọn a bọ́ bàtà wọn, wọn a sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.